Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Àwọn Ọmọ Wa: Ṣé Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀ Báyìí, Àbí Kí A Ṣì Dúró?

Ní àkókò tí a ń kó àwọn àpilẹ̀kọ inú ìwé ìrántí yìí jọ, lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Wọn kò béèrè aṣọ àjọ̀dún, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò béèrè oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àná dá fún àjọ̀dún yìí, kí a fi pààrọ̀ púrósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ta géèmù, tí wọ́n sì tún fi ń kọ́ bí a ti ń ṣe géèmù. Púrósẹ́sọ̀ yìí ni ẹ̀yà tí ó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ ni àwọn ọmọ ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu.

Lẹ́tà kékeré yìí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa bú sẹ́rìn-ín. Inú bí àwọn mìíràn, wọ́n ní àwọn kò dá owó kí ọmọ ọlọ́mọ lè fi jókòó ti géèmù. Àwọn ẹni kẹta, tí ohùn wọn tutù jù lọ, sọ pé ohun tí àwọn ọmọ ń béèrè kò burú, ṣùgbọ́n kí a ní sùúrù, nítorí pé ohun èlò kọ̀ǹpútà a máa dínwó bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Àwa tí a ń ṣe olóòtú ìwé yìí ti wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ọwọ́ wa tó. Èrò wa ni pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ dárúkọ ni a ó rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí inú ń bí lóhùn. Àwọn baba wa ta ayò lábẹ́ igi ní Ẹdúnàbọ̀n yìí, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ọ̀lẹ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ti oko dé. Ìṣirò ni ayò, ọgbọ́n ni. Géèmù orí kọ̀ǹpútà náà kò yàtọ̀ bí àkókò rẹ̀ bá ní ìwọ̀n. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé iṣẹ́ òòjọ́ wà nínú ṣíṣe é. Abíọ́lá Ọláníran, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀ ní ọdún 2012, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìgbà sì ni àwọn ènìyàn gba àwọn géèmù rẹ̀ sórí fóònù wọn. Ní ọdún kan náà ni a dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Ọmọ tí ó bá ń wọ ọkọ̀ láti Ẹdúnàbọ̀n kò níí pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì tí Ọláníran ti jáde. A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó ń ta géèmù ni yóò dà bí rẹ̀. A kàn sọ pé ọ̀nà náà kò jìnnà sí wa bí àwọn kan ti rò.

Nísinsìnyí, kí ni kọ̀ǹpútà tí a ń wí yìí? Akẹ́kọ̀ọ́ àná kan ni ó fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Púrósẹ́sọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni Ryzen 5 1600, èyí tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2017. Kádì àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ GTX 1660 Super ti ọdún 2019. RAM rẹ̀ jẹ́ irú tí à ń pè ní DDR4. Ẹ má ṣe rò pé òkú ẹrọ ni. Ní ọjọ́ tí ó dé, kò sí èyí tí ó lè bá a figagbága nínú gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà wa. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù tuntun ń fún un ní wàhálà, àwòrán a máa fò, a máa dúró, a tún máa fò. Bí àwọn ọmọ bá sì lo Godot, ohun èlò tí a fi ń ṣe géèmù tí a kì í san kọ́bọ̀ fún, láti kó iṣẹ́ wọn jọ di odidi géèmù, wọn a ní láti dúró fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣòfò owó ni ibí yìí. Bí kọ̀ǹpútà bá ti lọ́ra, wọn a sáré lọ ra ọpọlọ tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú ni ó ń dun ẹrọ náà. Nínú géèmù, ẹni méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ papọ̀. Púrósẹ́sọ̀ ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí, ẹni tí yóò sáré, ẹni tí yóò ṣubú. Kádì àwòrán ń ya gbogbo rẹ̀ sójú gíláàsì. Èyí tí ó bá lọ́ra nínú àwọn méjèèjì ni ó ń dá èkejì dúró. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ kò le rárá. Ẹ dín ìtóbi àwòrán náà kù láti 1080 sí 720. Bí eré náà bá yá sí i, kádì àwòrán ni ó ti ń wọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé a ti mú ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá yá sí i, a jẹ́ pé púrósẹ́sọ̀ ni, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ kò dínkù. A ní kí àwọn ọmọ ṣe é níṣojú olùkọ́ wọn. Eré náà kò yá sí i rárá. Lẹ́yìn èyí ni a tó gbà pé ẹjọ́ wọn tọ́.

A fẹ́ kí àwọn òbí tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn nítorí ilé tiwọn náà. Bí kọ̀ǹpútà ọmọ yín bá ń pẹ́ kí ó tó tan, tí ó sì ń lo hard disk àtijọ́, SSD ni ó nílò, kì í ṣe ọpọlọ. Bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, fífi èkejì tì í lè ṣe ju ohun tí ẹ rò lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ fún ìdánwò JAMB kò sì nílò nǹkankan nínú gbogbo èyí. Láti ìgbà tí JAMB ti mú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà wọlé ní ọdún 2013 títí di òní, ìbéèrè àti ìdáhùn lásán ni, ẹrọ tí ó ti darúgbó gan-an lè ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà kankan fi ìdánwò dẹ́rù bà yín kí ẹ lè ra ohun tí kò wúlò.

Ó wá ku àwọn onísùúrù. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ní ọdún 1965 ni Gordon Moore ti kọ̀wé pé iye ẹ̀yà tí a lè kó sínú èérún ẹrọ kékeré kan ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní ọdún 1975 ó tún un sọ, ó ní lẹ́yìn ọdún méjì-méjì ni. Láti ìgbà náà wá ni aráyé ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá dúró yóò rí ohun tí ó dára jù ní owó tí ó kéré jù. Òótọ́ ni, fún ẹni tí ó ń gba owó oṣù rẹ̀ ní dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Púrósẹ́sọ̀ kan wà tí ó ń jẹ́ Ryzen 5 5600. Nígbà tí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, $199 ni wọ́n dá lé e. Ní àkókò náà nǹkan bí ₦416 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. ₦82,784 ni ìyẹn. Kí ọdún 2023 tó parí, iye rẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí $130 lọ́jà Amẹ́ríkà. Onísùúrù ti Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín, ó jèrè ìdá mẹ́ta owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba wa tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. $130 wá di ₦195,000. Ohun kan náà dínwó níbẹ̀, ó ju ìlọ́po méjì lọ níhìn-ín. A kò tíì fi owó ọkọ̀ àti èrè òǹtajà kún un, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ̀rọ̀ iye tí àwọn Mállàmù tí ń ṣẹ́ owó ń gbà, èyí tí ó ju ti ìjọba lọ ní ọdún 2022. Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n náírà kò gbọ́ òwe yẹn.

A gbà pé náírà ti ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan ni ìdí tí a fi sọ pé kí a má dúró, a kì bá tí gbójú lé e. Ìdí kejì ni Windows.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Àfikún ọdún kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò tí olè bá rí nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò níí dí i mọ́. Windows 11 sì ní ẹni tí ó ń gbà wọlé: púrósẹ́sọ̀ Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e, ti AMD sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Ryzen ìran kejì ó kéré tán. Ìran àkọ́kọ́ ni tiwa. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Àwọn géèmù kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlànà yìí. Valorant kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 11 bí àwọn ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti Secure Boot kò bá sí ní títàn. Nítorí náà, pípààrọ̀ ọpọlọ yìí yóò mú kí ẹrọ náà wọ ọ̀wọ́ àwọn tí a ṣì ń tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tòkunbọ̀ pẹ̀lú. Nítorí ìlànà Windows 11, àwọn iléeṣẹ́ ní òkè òkun ń tú àwọn kọ̀ǹpútà tí kò lè wọlé dànù, ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sì máa ń gúnlẹ̀ sí ni ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tí ó rọ̀ wọ́n ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn, tí ó dán gbinrin, ẹ kọ́kọ́ wo ìran púrósẹ́sọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bàpò. Ẹ má wo orúkọ i5 tàbí i7 lásán. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e ni kí ẹ wò. i7 tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 tàbí 6 ti dàgbà ju i5 tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 lọ.

Kí ni àwọn ọmọ béèrè nínú lẹ́tà wọn? Ryzen 7 9800X3D ni. Wọ́n mọ nǹkan tí ó dára, a kò lè pa irọ́ mọ́ wọn. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tí ó ti jáde ni àwọn tí ó mọ̀ nípa géèmù ti ń yìn ín. Ṣùgbọ́n $479 ni wọ́n dá lé e. Bí a bá fi ₦1,500 ṣírò, ₦718,500 ni. Ìyẹn kò sì ní í dá wá. Púrósẹ́sọ̀ àti motherboard rẹ̀ dà bí ìkòkò àti ọmọrí. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìpetumodù, nítòsí wa níhìn-ín, bóyá ọmọrí ìkòkò kan ń bá gbogbo ìkòkò mu. Ìkòkò ti AM4 ni tiwa, AM5 ni 9800X3D ń bá mu. Nítorí náà a ó tún ra motherboard, a ó sì tún ra RAM tuntun, nítorí pé DDR5 nìkan ni AM5 ń gbà. Láti ìparí ọdún 2025 ni owó RAM sì ti ń fò lókè, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń kọ́ ilé ẹrọ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń kó gbogbo rẹ̀. Micron pàápàá kéde ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé òun yóò fi òwò Crucial tí ó ń tà fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Ẹni tí Jésù sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Lúùkù orí 14, tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ láìjókòó ṣírò owó rẹ̀, ìpìlẹ̀ ni àwọn aládùúgbò bá níbẹ̀. Àwa kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tí ń bọ̀ wá bá páálí 9800X3D lórí tábìlì láìsí ohun tí wọn yóò fi í sí.

Ohun tuntun a sì tún máa ní àrùn tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n sáré ra púrósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹtàlá àti kẹrìnlá rí i pé ẹrọ wọn ń dákú lójijì. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Intel tó jẹ́wọ́ pé iná tí ó pọ̀ jù ló ń wọ inú wọn, ó mú àtúnṣe jáde ní oṣù Kẹjọ, ó sì fi ọdún méjì kún àkókò ìdúró-gbọnin rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó rà á ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Lọ́ńdọ́nù. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e sínú àpò wọ̀lú, ta ni yóò fi rísíìtì hàn?

Ohun tí àwa fọwọ́ sí ni Ryzen 5 5600 tí a ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìkòkò AM4 tiwa ń gbà á, nítorí pé ní ọdún 2022 ni AMD gbà kí àwọn motherboard àkọ́kọ́ ti AM4 máa lo ìran 5000. RAM wa kò ní yí padà, kádì àwòrán wa kò ní yí padà. Windows 11 gbà á wọlé. Ọpọlọ mẹ́fà ni ó wà nínú èyí tí a ní, mẹ́fà náà ni ó wà nínú èyí tí a fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan yára ju ti ìṣáájú lọ púpọ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ wa nínú jù ni pé wáàtì 65 ni a kọ sára àwọn méjèèjì. Inverter wa kò níí mọ̀ pé àlejò dé. Àwọn tí ń gbé níbi tí iná kì í lọ kì í ro irú nǹkan yìí, ṣùgbọ́n ní Ẹdúnàbọ̀n, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ béèrè iye wáàtì kò tíì bẹ̀rẹ̀ rírà.

Ẹnìkan nínú wa béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun dípò gbogbo wàhálà yìí. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni a fi dá a lóhùn. Ní ọdún 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín tábílẹ́ẹ̀tì yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ nínú rẹ̀. Èrò rere ni, a kò gan án. Ṣùgbọ́n ohun tí a dì pa ni. Nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ darúgbó, kò sí ẹni tí ó lè ṣí i kí ó fi òmíràn sí i. Kọ̀ǹpútà tí ó ṣeé ṣí ṣeé gbà lọ́wọ́ ikú, àwọn ọmọ tí ó bá sì ṣí i yóò kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe iṣẹ́ náà níṣojú olùkọ́ wọn. Kí wọ́n má ṣe ra púrósẹ́sọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n dán an wò. Orúkọ tí a kọ sórí rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà bá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mu, kọ̀ǹpútà ni kí ó sọ orúkọ rẹ̀ lójú wọn. Kí wọ́n ṣe àtúnṣe BIOS nígbà tí ọpọlọ àtijọ́ ṣì wà nínú ẹrọ, nítorí pé motherboard kò ní dá tuntun náà mọ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣe é. Bí iná bá lọ láàárín àtúnṣe yìí, motherboard lè kú pátápátá, nítorí náà orí inverter ni kí wọ́n ti ṣe é, láìka ti iná ìjọba sí. Kí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná díẹ̀, kí wọ́n tó pa á láti yọ fáànù orí rẹ̀. Kí wọ́n rọra yí fáànù náà sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n má ṣe fà á tu, nítorí pé abẹ́ púrósẹ́sọ̀ AM4 ni àwọn abẹ́rẹ́ wíwẹ́ rẹ̀ wà, tí a bá sì fà á lójijì yóò bá fáànù jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ó ti wọ́.

Ryzen 5 1600 tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n má ṣe tà á. Kí wọ́n dì í sínú páálí, kí wọ́n sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ JSS kíní bí abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ti rí. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù nínú èyí tí wọ́n béèrè, kí a fi ra bátìrì kan kún ti inverter yàrá kọ̀ǹpútà kí sáà tuntun tó wọlé.